Òjò Ń Bọ̀, Ẹ Ti Fèrèsé

Ilé tí Bàbá Akànó kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ réluwé l'Ọ́fà,
pátákó rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó wá,
gíláàsì pupa, gíláàsì aláwọ̀ ewé,
wọ́n fi koríko dì wọ́n bí ẹyin.
Káfíńtà tó kàn án, ọmọ Sàró ni,
ó gbẹ́ igi sí etí òrùlé bí ẹni fi léèsì ṣẹ́tí bùbá.
Àwọn ará àdúgbò ní, "Ta ni yóò máa gbá gbogbo àtẹ̀gùn yìí?"
Èmi ni. Èmi ni mo ń gbá a.

Àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún. Ìkeje ń ké.
Àlejò tó bá dé lóru, ìkeje ló ń jí mi.
Mo ti mọ ẹsẹ̀ ẹni tó jẹ gbèsè
yàtọ̀ sí ti ẹni tó ti sanwó.

Yàrá márùn-ún la fi ń gba àlejò:
agbẹjọ́rò tó wá sí kóòtù,
tọkọtaya tí wọn ò fẹ́ kí ẹnì kan mọ̀ wọ́n,
olùkọ́ Pólì tí òrùlé rẹ̀ ń jò.
Yàrá ẹ̀yìn nísàlẹ̀, Àǹtí Ṣìfáwù ló ni ín,
àbíkẹ́yìn Bàbá. Kò san kọ́bọ̀,
kò sì gbà kí a pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì irin rẹ̀.

Ọjọ́ tí àwọn onítẹlifíṣọ̀n dé láti Ìlọrin,
bọ́ọ̀sì méjì, jẹnẹrétọ̀ kan tó ń kùn bí ẹni inú ń bí,
ọ̀gá wọn, Arówólò, wo òkè, ó wo ilẹ̀,
ó ní, "Ilé yìí gbó dáadáa,"
bí ẹni ń fọwọ́ tẹ ìbẹ́pẹ wò.
Nígbà tó yá, wọ́n ní kò gbó tó.
Wọ́n da omi tíì sára ògiri tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn,
wọ́n ta òwú aláǹtakùn síbi tí mo ti lé aláǹtakùn.
Aláǹtakùn gidi wà lájà, ó ń wò wọ́n.
Mo ka owó wọn. Mo dákẹ́.

Wọ́n lẹ irùngbọ̀n òwú mọ́ ọmọkùnrin kan lágbọ̀n,
wọ́n ní òun ni onílé.
Ó jókòó sórí àga Bàbá, ó ń pàṣẹ fún ìyàwó mẹ́ta.
Àǹtí Ṣìfáwù yọjú:
"Bàbá wa kì í jókòó síbẹ̀ yẹn.
Etí fèrèsé ló máa ń wà, tí yóò máa ka ọkọ̀ ojú irin."
Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fà á sẹ́yìn, wọ́n fún un ní mínírà.

Ìyálé inú eré bú sẹ́kún ní yàrá òkè.
Wọ́n ní kó tún un sun. Ó sun ún lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.
Ìgbà kẹwàá, ẹ̀fúùfù gbéra láti ìlà-oòrùn,
òjò ti ṣú lẹ́yìn réluwé.
Kámẹ́rà ń lọ. Gbogbo wọn sé èémí.
Ìkeje ké.
Àǹtí Ṣìfáwù wọlé, ìró àárọ̀ rẹ̀ ní àyà,
ó la àárín ẹkún kọjá,
ó nawọ́, ó ti fèrèsé, ó fi ìkọ́ há a.
Ó wo ìyálé lójú:
"Má sunkún mọ́. Kò ní wọlé mọ́."
Ó sọ̀kalẹ̀. Ìkeje tún ké.

Arówólò ò sọ pé ó tó.
Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tí eré náà jáde, ọyẹ́ ti dé.
A ti sin ín sẹ́yìn kànga láti oṣù Ògún.
Gbogbo wa kó ara wa jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n,
agbẹjọ́rò, ọmọ tó ń bá wa pọnmi,
à ń wò ó bó ṣe ń bọ̀.
Ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ohùn ìkeje kúrò,
wọ́n fi fèrè rọ́pò rẹ̀.
Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n sunkún. Inú ló bí mi.

Nísinsìnyí àlejò ń ti Ìbàdàn wá,
wọ́n ń béèrè, "Èwo ni fèrèsé yẹn?"
Mo ń fi hàn wọ́n. Mo ti fi ẹgbẹ̀rún méjì lé owó yàrá náà.
Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ṣí i, wọ́n á tì í, wọ́n á ṣí i,
wọ́n á sì lọ.
Bí ojú ọ̀run bá ti dúdú lápá ibẹ̀,
n ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀,
n ó máa gòkè, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.
N kì í fo ìkeje.